Ẹní koríko tuntun: omi, èpò àti èèrà tí ń ta ènìyàn

Fún àwọn tí ń gbin koríko títà, àwọn olùtọ́jú ọgbà, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn ní Abidjan àti agbègbè rẹ̀

Ẹní koríko ni koríko tí a ti gbìn ní oko kan, tí a wá fi ṣọ́bìrì hú pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ àti erùpẹ̀ díẹ̀, tí a sì kó lọ tẹ́ sí ojúde ilé tàbí pápá ìṣeré bí ìgbà tí ènìyàn tẹ́ ẹní. Gazon ni wọ́n ń pè é ní Abidjan. Èyí tí a sábà máa ń rí ni koríko eléwé gbòòrò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Axonopus compressus. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ tútù, ó sì ń fara da abẹ́ igi. Ibi tí oòrùn ti ń mú gan-an ni Cynodon dactylon, eléwé tín-ín-rín, ti ń ṣe dáadáa. Ìmọ̀ràn inú ìwé yìí kan àwọn méjèèjì.

Ìbéèrè tí ó sábà máa ń délẹ̀ rí báyìí: "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo tẹ́ koríko mi. Ó ń pọ́n, èpò ti yọ láàrin rẹ̀, èèrà sì ń ta àwọn ọmọ. Oògùn wo ni kí n rà?" Ẹ má tíì ra oògùn kankan. Ìṣòro mẹ́ta ni ẹni náà kó pọ̀, ìtọ́jú ọ̀kan sì lè ba ti èkejì jẹ́. Koríko tuntun ń fẹ́ omi lójoojúmọ́. Omi yẹn kan náà ni èpò ń mu, òun ni ó ń fún àìsàn láyè, òun náà ni ó sì ń ba ìjẹ tí a fi ń pa èèrà jẹ́. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ omi ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Omi

Nígbà tí a bá hú koríko, púpọ̀ nínú gbòǹgbò rẹ̀ ti gé sílẹ̀ ní oko. Ìwọ̀nba tí ó kù wà nínú erùpẹ̀ tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 lọ. Bí oòrùn bá pa erùpẹ̀ yìí fún ọjọ́ kan péré láìsí omi, etí ẹní yóò gbẹ, yóò ká, àlàfo yóò sì là láàrin ẹní kan àti èkejì. Ilẹ̀ orí òkè ní Abidjan, láti Adiopodoumé dé Bingerville, jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn tí omi máa ń yára gbà kọjá. Kò ní dá omi dúró de koríko.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ máa bomi rin ín ní òwúrọ̀ kùtùkùtù lójoojúmọ́. Bí oòrùn bá mú gidi, ẹ tún wọ́n díẹ̀ sí i ní ọ̀sán. Kí ó tutù dé bíi sẹ̀ǹtímítà 10 nísàlẹ̀. Ẹ gbé igun ẹní kan sókè kí ẹ ti ọ̀bẹ bọ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ẹ ó mọ̀. Ilẹ̀ abẹ́ ẹní ni kí ẹ yẹ̀ wò, nítorí ewé lè tutù nígbà tí abẹ́ rẹ̀ gbẹ táútáú. Nígbà tí ẹ bá fa koríko díẹ̀ tí kò gbé sókè mọ́, ó ti mú ilẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ dín iye ìgbà kù sí ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí omi náà pọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan kí gbòǹgbò lè tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀.

Nígbà òjò ńlá, láti oṣù Kẹrin dé àárín oṣù Keje, ìṣòro máa ń yí padà. Ní oṣù Kẹfà, tí òjò máa ń pọ̀ jù lọ ní Abidjan, ibi tí omi yóò gbà jáde ni kí ẹ máa rò. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Côte d'Ivoire àti Mali ń gbá bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ní pápá Alassane Ouattara ní Ebimpé. Òjò rọ̀, omi dúró lórí koríko, wọ́n sì dá eré náà dúró ní ìdajì. Wọ́n ní láti tún pápá náà ṣe kí ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2024. Bí irú rẹ̀ bá lè ṣẹlẹ̀ ní pápá tí ó gba 60,000 ènìyàn, ẹ má fojú di ojúde ilé yín. Kí ẹ tó tẹ́ ẹní kankan, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ náà dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ògiri ilé, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí koríko bá ti wà lórí rẹ̀, ó ti pẹ́ jù.

Èpò

Ọ̀nà mẹ́ta ni èpò ń gbà wọlé: ó ti wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó bá ẹní koríko wá láti oko, tàbí afẹ́fẹ́ àti ẹsẹ̀ ènìyàn gbé irúgbìn rẹ̀ sí àlàfo àárín ẹní. Ti àkọ́kọ́ ni ó rọrùn jù láti dènà, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í ní sùúrù fún. Ẹ ro ilẹ̀ náà, ẹ ṣa gbòǹgbò èkan, koríko olórí ṣóńṣó tí ń gún ẹsẹ̀, kúrò títí kò fi ku ẹyọ kan. Ẹ bomi rin ilẹ̀ tí kò ní nǹkan kan lórí yìí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Èpò yóò hù. Ẹ fi ọkọ́ họ ojú ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má walẹ̀ jìn, kí ẹ má baà hú irúgbìn mìíràn jáde sí ìmọ́lẹ̀. Bí àyè bá wà, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó tẹ́ koríko. Oníbàárà tí ó fẹ́ kí ojúde òun dúdú kí ìyàwó ọmọ tó dé ní ọjọ́ Sátidé kò ní fẹ́ gbọ́ èyí. Ẹ sọ fún un síbẹ̀.

Bí ẹ bá ń tẹ́ ẹ, ẹ to àwọn ẹní náà bí ẹni to búlọ́ọ̀kù, kí ìsopọ̀ ìlà kan má ṣe bá ti ìlà kejì mu, kí wọ́n sì fara kan ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Ẹ fi iyanrìn tàbí erùpẹ̀ tí ó mọ́ dí àwọn àlàfo kéékèèké. Àlàfo ni ilé èpò, òun náà ni ilé èèrà.

Púpọ̀ nínú èpò eléwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ń yọ ní oṣù àkọ́kọ́ kì í pẹ́ láyé. Ìgékoríko nìkan yóò pa wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ gé koríko nígbà tí gbòǹgbò bá ti mú ilẹ̀, ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì jẹ́ kí abẹ ẹ̀rọ mú dáadáa. Gbági, tí ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ tí gbòǹgbò rẹ̀ sì le, àti patanmọ́ ẹlẹ́gùn-ún, ọwọ́ ni kí ẹ fi fà wọ́n, lẹ́yìn òjò, kí wọ́n tó so.

Èyí tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni Cyperus rotundus. Ìbátan òfìo ni, ṣùgbọ́n kóró tirẹ̀ kò ṣeé jẹ bí òfìo. Ẹ fi ìka yí igi rẹ̀: onígun mẹ́ta ni, nígbà tí igi koríko tòótọ́ rí róbótó tàbí pẹlẹbẹ. Ó tún máa ń yára dàgbà ju koríko lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó rí i ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ gé pápá, tí ó ti yọ orí sókè nìkan. Nísàlẹ̀, àwọn kóró dúdú so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Bí ẹ bá kàn fa ewé rẹ̀, okùn yóò já, àwọn kóró tí ó ti ń sùn yóò jí, ọ̀kan yóò sì di mẹ́ta. Ẹ lo ọ̀bẹ tàbí ṣọ́bìrì kékeré, ẹ wa á pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ sì padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì, nítorí pé ewé tuntun tí a bá fi sílẹ̀ ju bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kóró mìíràn. Ẹ má da èyí tí ẹ wà sórí ààtàn tí ẹ ti ń kó ajílẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ṣùgbọ́n ní pápá kékeré, mo gbà pé ó dára ju oògùn èyíkéyìí tí ń bẹ lọ́jà lọ.

Ní ti oògùn apakoríko: ẹ má fi ọ̀kankan sí koríko tuntun títí ẹ ó fi gé e tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Glyphosate kò mọ ẹni rere yàtọ̀ sí ẹni búburú; gbogbo ohun tútù ni ó ń pa, pẹ̀lú koríko tí ẹ san owó lé lórí. 2,4-D ń pa eléwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ máa ń gbé e lọ bá tòmátì, ẹ̀gẹ́ àti ìbẹ́pẹ aládùúgbò. Iyọ̀, epo kẹrosíìnì àti ọ́ìlì ẹ̀rọ àlòkù kì í ṣe oògùn rárá. Wọ́n á ba ilẹ̀ náà jẹ́ ju bí èpò ti lè bà á jẹ́ lọ.

Èèrà

Kí ẹ tó pa á, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìjàlọ tí ń tò kọjá lórí pápá kì í ṣe ọ̀tá koríko. Ẹ kó àwọn ọmọ àti adìyẹ kúrò, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ikán kì í ṣe èèrà, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń fi erùpẹ̀ bo ewé tí ó ti gbẹ, yóò sì jẹ ẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Àmì pé omi kò tó ni. Tanpẹ́pẹ́ àti àwọn èèrà kéékèèké mìíràn ni ó sábà máa ń tẹ̀dó sí àlàfo àárín ẹní, nítorí pé erùpẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ó sì móoru. Ẹ ó rí ìkòkótó erùpẹ̀ bí gàrí tí a dà sílẹ̀.

Ǹjẹ́ àwọn ni wọ́n ń pa koríko? Ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ di ibi tí ó pọ́n mú, kí ẹ fà á. Bí ó bá gbé sókè bí ẹní, kò mú ilẹ̀ rárá: omi ni kò tó, tàbí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ le jù, èèrà kàn wá gba ibi tí ó ṣófo ni. Bí ẹ bá pa èèrà nìkan, koríko yóò ṣì kú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pọ̀, tí wọ́n ń wa erùpẹ̀ kúrò lẹ́bàá gbòǹgbò, ibẹ̀ yóò máa yára gbẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ padà, ẹ bomi rin ín, kí ẹ fi erùpẹ̀ dí àlàfo. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà wọ́n á kó lọ fúnra wọn.

Púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn lórí èèrà àti pápá koríko tí ènìyàn lè kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Solenopsis invicta ni wọ́n kọ ọ́ fún. Gúúsù Amẹ́ríkà ni èèrà pupa yìí ti wá. Ó gba èbúté Mobile ní Alabama wọ Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930. Òkìtì rẹ̀ máa ń yọ lójú pápá láìní ihò lórí, bí a bá sì fọwọ́ kàn án, ọgọ́rọ̀ọ̀rún á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe mú oògùn àti ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún un lò fún tanpẹ́pẹ́ ojúde yín láìjẹ́ pé ẹnì kan ti wo èèrà náà.

Bí èèrà bá ń ta ènìyàn ní tòótọ́, tí àwọn ọmọ kò lè ṣeré, ìjẹ ni ó dára jù. Ayaba wà nísàlẹ̀, ó ń yé ẹyin. Oògùn líle tí a dà sórí ihò ń pa àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà lókè, ayaba á sì tún bí òmíràn. Ìjẹ ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, èyí sì ni agbára rẹ̀: òṣìṣẹ́ gbé e lọ sílé, ó fi bọ́ ayaba kí òun fúnra rẹ̀ tó kú. Fún èèrà tí ó fẹ́ràn ṣúgà, gíráàmù 10 boric acid àti gíráàmù 100 ṣúgà nínú lítà omi kan tó. Ẹ má fi kún un kí ó lè tètè pa wọ́n. Bí ó bá le jù, wọn yóò kú lójú ọ̀nà. Èyí tí ó fẹ́ràn ọ̀rá kò ní wò ó. Ìjẹ olóròóró tí ìjọba ti fọwọ́ sí ni kí ẹ bèèrè fún.

Níbí ni omi ti tún padà dé. Ìjẹ tí omi kàn ti bàjẹ́, koríko tuntun sì ń fẹ́ omi lójoojúmọ́. Ẹ má fọ́n ìjẹ sórí rẹ̀. Ẹ fi í sínú agolo tàbí ìgò ike kékeré tí ẹ dá ihò wẹ́wẹ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dè é mọ́ igi ní etí pápá lọ́nà tí ọwọ́ ọmọ àti imú ajá kò fi ní dé inú rẹ̀, kí ẹ kọ "májèlé" sí i lára. Omi gbígbóná náà ń ṣiṣẹ́ níwọ̀nba. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí lítà 11 omi híhó tí a dà sí òkìtì kan máa ń pa nǹkan bí 60 nínú 100 òkìtì tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ó ń pa koríko pẹ̀lú, nítorí náà ẹ̀bá ọ̀nà àti ìdí ògiri nìkan ni mo lè gbà yín níyànjú láti lò ó. Ní ti carbofuran, tí àwọn kan ń tà ní wóró nínú ọ̀rá láìní orúkọ, ẹ má fi kan ibi tí ọmọ ń ṣeré. Májèlé tí ó le gan-an ni, ó ń pa ẹyẹ tí ó bá ṣa á jẹ. Láti ọdún 2017 ni ó ti wà lára àwọn tí àdéhùn Rotterdam ní kí orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó kó o wọlé.

Bí ẹnikẹ́ni tí èèrà ta bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú lójú tàbí lẹ́nu, tàbí tí èémí rẹ̀ kò já gaara, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí ó bá jẹ́ àìsàn

Bí ibi tí ó pọ́n bá rí róbótó bí àwo, tí ó ń fẹ̀ sí i ní ìgbà òjò, ẹ fura sí Rhizoctonia solani. Èbu inú ilẹ̀ ni. Ẹ wò ó ní òwúrọ̀ kí ìrì tó gbẹ: ẹ lè rí nǹkan bí òwú aláǹtakùn láàrin ewé ní etí ibi tí ó ti ń fẹ̀. Ẹ fa ewé kan níbẹ̀. Bí ó bá yọ wẹ́rẹ́, tí ìdí rẹ̀ ti rà, tí ó sì dúdú, òun ni. Ti ọ̀dá kò rí bẹ́ẹ̀: ewé á ká, ìdí rẹ̀ á sì le. Ẹ dá omi ìrọ̀lẹ́ dúró, nítorí pé ewé tí ó bá fi òru mọ́jú nínú omi ni èbu yìí ń fẹ́. Ẹ la ọ̀nà fún omi, ẹ gé ẹ̀ka tí ó ṣíji bò ó, ẹ má sì fi ajílẹ̀ sí i nígbà tí ó ń ṣàìsàn. Àwọn tí ń da urea sí koríko tí ó pọ́n kí ó lè dúdú padà, èbu ni wọ́n ń bọ́. Fún koríko tí ara rẹ̀ le, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn títẹ́ kí a tó fi urea sí i, kò sì gbọdọ̀ ju nǹkan bí gíráàmù 10 lọ lórí mítà kan níbùú àti lóròó. Kí a bomi wẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ń hú koríko tà

Ẹni tí ń ta ẹní koríko ń ta erùpẹ̀ pẹ̀lú. Ohunkóhun tí ó wà nínú erùpẹ̀ àkùrọ̀ yín, kóró Cyperus, èbu, èèrà, yóò bá ọkọ̀ lọ sí ilé oníbàárà. Èèrà kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dunjú nítorí èyí: Wasmannia auropunctata. Kò gùn ju mílímítà kan àti ààbọ̀ lọ, àwọ̀ rẹ̀ bí oyin, kì í yára rìn, kì í kọ́ òkìtì. Abẹ́ ewé gbígbẹ, inú ìkòkò òdòdó àti ara igi ni ó ń gbé, ayaba púpọ̀ sì ń wà nínú ilé kan. Títa rẹ̀ ń jó fún ìgbà pípẹ́. Àárín àti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ti dé Gabon, ó sì ti gba ibẹ̀ dé Cameroon. Ní àwọn ibì kan, àwọn àgbẹ̀ kòkó fúnra wọn ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé e wọ oko, nítorí pé ó ń lé kòkòrò tí ń fa omi èso kòkó mu. Ó lé e lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ó lé àwọn èèrà yòókù, ó sì ń ta àwọn tí ń ká kòkó. Wọ́n ti rí ẹranko tí ojú wọn fọ́ ní ibi tí ó pọ̀ sí ní Gabon.

Ohun mìíràn tún wà tí ó kan àgbẹ̀ ju onílé lọ. Oríṣiríṣi èèrà ni ó ń ṣọ́ àwọn kòkòrò funfun tí ara wọn dà bí ẹni tí a bu ìyẹ̀fun sí, tí ń fa omi ara igi, nítorí omi dídùn tí wọ́n ń sun. Irú kòkòrò funfun bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Ghana ní 1936 tí ó sì wà ní Côte d'Ivoire náà. Bí ilẹ̀ tí ẹ ti ń hú koríko bá wà lẹ́bàá oko kòkó, ẹ má ṣe fojú kékeré wo èèrà tí ń tò gun igi.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ tín-ín-rín kun orí igi pẹlẹbẹ bíi ogún, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ káàkiri oko níbi tí ó ní òjìji, ní òwúrọ̀ tí òjò kò rọ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ kó igi kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, ẹ so ó, kí ẹ fi í sínú fìríìsà di ọjọ́ kejì. Ẹ wá ka èèrà tí ó wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tí ó kéré tí ó sì pọ́n bí oyin, ẹ má hú koríko kankan kúrò ní oko náà, ẹ má gbé ìkòkò òdòdó kankan jáde, ẹ sì má fi oògùn sí i. Ẹ ké sí òṣìṣẹ́ ANADER tí ó sún mọ́ yín tàbí Direction de la Protection des Végétaux. Mo mọ̀ pé owó ọjà ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ń sọ pé kí ẹ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹní koríko kan ṣoṣo tó láti gbé ayaba lọ sí àdúgbò tuntun, kò sì sí ọjà tí ẹ lè tà tí yóò gbà á padà.

Fífi àpẹẹrẹ ránṣẹ́

Èèrà: ogún ó kéré tán, nínú ìgò kékeré tí ó ní ọtí líle; ògógóró, tí wọ́n ń pè ní koutoukou, ṣeé lò bí ó bá le dáadáa. Koríko tó ń ṣàìsàn: ẹ gé e ní etí ibi tí ó pọ́n, kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ èyí tí ó ṣì tutù, pẹ̀lú erùpẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ fi ìwé ìròyìn wé e. Ẹ má fi ọ̀rá wé e, yóò rà kí ó tó dé. Èpò tí ẹ kò mọ̀: pẹ̀lú gbòǹgbò, kóró àti òdòdó rẹ̀ bí ó bá ní. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ tẹ́ koríko náà, oko tí ó ti wá, iye ìgbà tí ẹ ń bomi rin ín, àti oògùn tí ẹ ti fi sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kò sí lára ọ̀rá. Kí ó gbéra ní ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ó má baà sun ibi ìkẹ́rù ní òpin ọ̀sẹ̀.